Tàràǹtúlà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi kò jẹun: ṣé ó ń kú lọ ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Badagry ni mo wà, lápá Àjàrà. Ọ̀rẹ́ mi kan jápá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó sì fi tàràǹtúlà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Aláǹtakùn ńlá ni, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, èyí tí wọ́n ń pè ní curly hair nítorí irun ara rẹ̀ tó lọ́ pọ̀. Mi ò sin irú nǹkan báyìí rí. Láti ìgbà tó ti dé ló ti ń fi òru gun ògiri ike, á jábọ́, á tún gùn ún. Mo ju ìrẹ̀ sí i, kò tiẹ̀ yà sí i. Lánàá ni mo ṣí ọmọrí, ló bá na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè sí mi. Ìyàwó mi ní kí n lọ jù ú sígbó. Aládùúgbò kan ní òtútù ló ń mú un, kí n tan gílóòbù sí i lórí. Ẹlòmíràn ní ebi ló fẹ́ pa á, kí n fi ẹ̀mú ki ẹran bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

*

Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀dá tí wọ́n gbé gba ojú ọ̀nà Badagry, tí ike rẹ̀ ń fò sókè nínú gbogbo kòtò tó wà lọ́nà, o wá ń retí kó jókòó jẹun lálẹ́ ọjọ́ tó dé? Èmi alára kì í rí oúnjẹ jẹ lọ́jọ́ tí mo bá ti Mile 2 wọlé.

Ojú mẹ́jọ ló ní lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Irun ẹsẹ̀ àti irun ara rẹ̀ ló fi ń mọ ohun tó ń lọ: ilẹ̀ tó mì, atẹ́gùn tó fẹ́, kòkòrò tó ń rìn nítòsí. Torí náà, kò lè fi ojú wo ilé tuntun kó sì mọ̀ ọ́n, àfi kó fi ẹsẹ̀ tẹ gbogbo rẹ̀ wò. Gígùn tó ń gun ògiri kiri nìyẹn. Nígbà mìíràn ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ ike náà tutù jù, tí kò fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn á sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ti ẹsẹ̀ iwájú tó nà sókè, ó ń sọ fún ẹ pé kó o máa lọ ni. Máa lọ.

Ohun tó yẹ kó o ṣe lónìí ò pọ̀. Yọ ìrẹ̀ yẹn kúrò. Bu omi sínú ọmọrí ike kékeré kan tí kò jìn, gbé e sí igun kan. Fi ohun tó lè sá sábẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, èèpo igi tàbí ìdajì èèpo líle àgbọn. Gbé ike náà síbi tí oòrùn kì í tàn dé, kó sì jìnnà sí ògiri tí jẹnẹrétọ̀ ń mì. Lẹ́yìn ìyẹn, fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Má ṣí i, má gbọ̀n ọ́n, má pe ẹnikẹ́ni wá wò ó.

Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ebi ń pa á, wo ìdí rẹ̀, apá ẹ̀yìn tó rí roboto yẹn. Tó bá tóbi tó apá iwájú tí ẹsẹ̀ ti jáde, tàbí tó jù ú lọ, kò sí ebi níbẹ̀. Tó bá hun jọ, tó kéré sí apá iwájú, ìgbà yẹn la ó tó sọ̀rọ̀, omi ló sì máa ń ṣáájú oúnjẹ.

*

Mo ti ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Ti oúnjẹ ló pọ̀ jù. Ẹnìkan ní kò sí ẹ̀dá tó máa fi odindi ọ̀sẹ̀ méjì gbààwẹ̀ kó má ṣàìsàn. Ẹlòmíràn ní kó fún un ní ọmọ adìyẹ. Ẹni kẹta ní ìrẹ̀ tó jù sí i ni kò tóbi tó.

Tàràǹtúlà tó ti dàgbà lè wà fún oṣù mélòó kan láìjẹun, kó má sì sí ohun tó ṣe é. Èyí tó ti Chile wá, tí wọ́n ń pè ní Chile rose, ló lókìkí jù nídìí àwẹ̀. Àwọn tó ń sìn ín mọ̀ pé ó lè lé lọ́dún kan tí kò fẹnu kan nǹkan. Ara rẹ̀ kò ní ooru tí yóò máa fi oúnjẹ dá bíi tiwa, kì í sì í rìn kiri. Ẹnu ihò ló ń jókòó sí. Èyí tó dàgbà, tó ń rí ìrẹ̀ kan jẹ lọ́sẹ̀ kan tàbí lọ́sẹ̀ méjì, ó ti yó. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló yẹ kéèyàn máa fún lóúnjẹ léraléra, torí wọ́n ń dàgbà lọ́wọ́.

Ọmọ adìyẹ, rárá. Èyí tí kò bá jẹ tán á jẹrà síbẹ̀, eṣinṣin á sì tẹ̀lé e wá.

Ti ìrẹ̀ ńlá ni mo fẹ́ dúró lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà níbí mọ èyí tí mò ń wí, èyí tó ń gbẹ́ ihò sínú yanrìn, tó ń han gooro lálẹ́, tí a máa ń wú, tí a ń sun jẹ. Ẹnu ìrẹ̀ yẹn le, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹ̀gún. Tó o bá jù ú sínú ike, tí tàràǹtúlà ò pa á lójú ẹsẹ̀, á gbẹ́lẹ̀ lọ, a ò sì ní rí i mọ́ títí di òru. Lọ́jọ́ tí tàràǹtúlà bá wá ń bọ́ awọ lọ́wọ́, tí gbogbo ara rẹ̀ rọ̀, ìrẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́. Mo rí ọ̀kan rí lọ́wọ́ ẹnìkan ní Ẹ̀pẹ́ tí ìrẹ̀ ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ náà padà hù nígbà tó bọ́ awọ, ó kàn tín-ín-rín ju àwọn yòókù lọ ni. Ọlọ́run ló yọ ìyẹn.

Oúnjẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tóbi ju ìdí rẹ̀ lọ. Jù ú sí i lálẹ́. Tí kò bá tíì jẹ ẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, yọ ọ́. Ẹni tó ní kó o fi ẹ̀mú ki ẹran bọ̀ ọ́ lẹ́nu kò mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ wà. Abẹ́ ni ẹnu wà, lẹ́yìn eyín méjèèjì, eyín yẹn sì lè kán lára irin. Tó bá kán, àfi ìgbà tó bá tún bọ́ awọ kó tó ní òmíràn.

Aáyán inú ilé ìdáná ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ lórí ẹ̀.

*

Ẹnìkan kọ ọ́ sókè pé tòun kú lójijì. Ó ní òun jí láàárọ̀, òun bá a tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, òun sì gbẹ́lẹ̀ sin ín sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ bà yín nínú jẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ààyè lẹ sin.

Tàràǹtúlà tó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, awọ ló sábà máa ń bọ́. Bí ti ikú ṣe ń rí yàtọ̀: kì í sábà yí padà, ibi tó dúró sí náà ni ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á ti ká wọ abẹ́ rẹ̀. Ìdí ni pé ó ní iṣan tó ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní àwọn oríkèé kan kò ní iṣan tó ń nà á. Omi ara rẹ̀ ló ń tì í jáde. Tí omi ara bá dín kù, ẹsẹ̀ á ká. Ẹ ò rí i pé ẹsẹ̀ tó ká gan-an lè jẹ́ òùngbẹ, kó má tíì jẹ́ òkú. Ẹ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí etí omi rọra, kí apá ẹnu kan omi, kí abẹ́ ìdí má wọnú omi, torí abẹ́ ìdí ni ihò ìmí rẹ̀ wà.

Àwọn kan ní kẹ́ ẹ tẹ́ aṣọ tútù sínú ike, kẹ́ ẹ gbé e síbi tó gbóná, kẹ́ ẹ dé e pa. Mi ò fara mọ́ ọn. Níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀ tó báyìí, tí aṣọ tá a sá sínú ilé ń rùn kó tó gbẹ, ike tí kò sí atẹ́gùn nínú rẹ̀ á tètè pa á ju òùngbẹ lọ. Omi lásán ti tó.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé awọ fẹ́ bọ́: kò ní jẹun mọ́, ìrìn rẹ̀ á falẹ̀, ibi tí irun ti re lórí ìdí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Irun tuntun tó ti wà lábẹ́ awọ ni dúdú yẹn. Àwọn mìíràn á dí ẹnu ihò wọn pa.

Mo ti jókòó ti tèmi rí tó ń bọ́ awọ, tọ́ọ̀ṣì tí mo fi ọ̀rá pupa bò ni mo fi ń wò ó. Ó kọ́kọ́ ta ẹní òwú funfun sílẹ̀, ó yí ara rẹ̀ dé orí rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Kò mira fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, awo ẹ̀yìn apá iwájú là létí, ó ṣí bí ọmọrí ìkòkò. Awọ ìdí fà ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà yẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ yọ, á fà á, á sinmi, á tún fà á, gbogbo ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó jáde tán, ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ rẹ̀ àtijọ́, èèyàn ò lè mọ èwo ni èwo láìwo ìdí wọn. Eyín rẹ̀ funfun, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pọ́n, kí wọ́n tó wá dúdú.

Kò gbọdọ̀ sí oúnjẹ nínú ike títí eyín yẹn yóò fi dúdú. Fún èyí tó dàgbà, ẹ ka ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má sì bá a yí ara rẹ̀ padà, ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ má ràn án lọ́wọ́ fa ẹsẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ yẹn ló ń gé ẹsẹ̀.

*

Ẹni tó ń gbé ní Badagry tó ń béèrè ibi tí òun ti lè ra ilẹ̀ tàràǹtúlà tí wọ́n dì sínú ọ̀rá láti òkè òkun, ṣé kò yà sí ọjà Agbálàtà rí ni? Ohun tí àwọn òyìnbó ń rà, tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ bíríkì, tí wọ́n ń rẹ sómi kó tó wú, èèpo àgbọn ni. Òkìtì rẹ̀ wà létí ọ̀nà níbí, àwọn ìyá alágbọn á tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ pé o bá wọn kó o.

Ya á wẹ́wẹ́, rẹ ẹ́, fọ̀ ọ́ léraléra, pàápàá tó bá jẹ́ èyí tó ti sùn sí etí òkun tàbí etí ọ̀sà, torí iyọ̀. Sá a kó gbẹ kanrangíndin kí kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ lè kú. Lẹ́yìn náà, pò ó mọ́ ilẹ̀ pupa díẹ̀ kó lè dì, kí ihò tó bá gbẹ́ má baà wó lé e lórí. Má lo yanrìn etí òkun: iyọ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì lè di ihò mú. Má lo ilẹ̀ oko tí wọ́n da ajílẹ̀ tàbí oògùn sí.

Kí ilẹ̀ náà jìn. Ìwọ tó o ní ó ń gùn, ó ń jábọ́, ibí yìí gan-an ni kó o tẹ́tí sí. Awọ ìdí tàràǹtúlà fẹ́lẹ́. Èyí tó ń gbé orí ilẹ̀ tó sì wúwo bíi tìẹ, tó bá ti ibi gíga já bọ́ lé nǹkan líle, ìdí rẹ̀ lè bẹ́, ó parí. Àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀ àti ọmọrí kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po kan àbọ̀ ìbú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ike ọ̀rẹ́ rẹ yẹn ga jù. Má rà òmíràn, ṣáà bu ilẹ̀ kún un. Èmi mọ̀ pé mo ní kó o fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Fi kọ́ọ̀bù ike bò ó mọ́lẹ̀, ki páálí sábẹ́ rẹ̀, gbé e sápá kan, ṣe iṣẹ́ rẹ kíákíá, dá a padà.

Gílóòbù? Òtútù wo ló wà ní Badagry? Ìwọ̀n 24 sí 30 lórí Celsius tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tẹ́ òun náà lọ́rùn. Àárín Amẹ́ríkà, lápá Nicaragua àti Costa Rica, ni irú tìẹ ti ń gbẹ́ ihò sídìí igi, kò sí yìnyín níbẹ̀. Gílóòbù á kàn gbẹ omi ara rẹ̀ ni.

Lórí omi, ìjà pọ̀. Àwọn kan ní kéèyàn máa fín omi sí i lójoojúmọ́. Àwọn mìíràn ní kéèyàn fi fóòmù sínú ọmọrí omi kó má baà rì. Kò ní rì sínú ọmọrí ike o, fóòmù yẹn kàn ń kó ìdọ̀tí jọ ni. Dípò fífín, da omi díẹ̀ sí igun kan kí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tutù, kí òkè gbẹ. Nígbà òjò, má dà á rárá àfi tó o bá rí i pé ó gbẹ, torí èébu ò ní pẹ́ gbà á.

Fi ìṣó gbígbóná lu ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike, kí ihò kọ̀ọ̀kan kéré. Àwọ̀n onírin lórí ike, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Èékánná rẹ̀ máa ń há sí i, á sì so rọ̀ síbẹ̀.

*

Ó yá, ọ̀rọ̀ aáyán.

Gbogbo ìjà tí à ń jà lórí ìrẹ̀ àti ilẹ̀ yìí, ó dára, ṣùgbọ́n lójú tèmi kì í ṣe òun ló ń pa tàràǹtúlà nínú ilé wa. Ọ̀tá tó wà nílé ni òtapíapíà. Oògùn tó ń pa aáyán ń pa aláǹtakùn. Dichlorvos, kẹ́míkà tó wà nínú èyí tó pọ̀ jù, kì í dúró síbi tí a fín in sí. Ó ń di èéfín, ó ń rìn láti yàrá kan dé òmíràn. Lọ́dún 2019 ni àjọ NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré rẹ̀ mọ́, 100 ml sísàlẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i lọ́jà mọ́ ni? Kọ́ìlì ẹ̀fọn tí à ń tàn ńkọ́, agolo tí à ń fín ṣáàṣáà kí a tó sùn ńkọ́? Ọ̀kan náà ni. Ẹni tó bá fi oògùn eégbọn ra ajá rẹ̀ lára, kó fọ ọwọ́ dáadáa kó tó kan ike.

Ẹ máa rí tàràǹtúlà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń rìn bí ẹni tó mutí, tí kò mọ ibi tó ń lọ. Àwọn èèyàn á ní awọ ló fẹ́ bọ́. Awọ kọ́. Oògùn la máa ń fura sí. Gbé e síta síbi atẹ́gùn, pààrọ̀ ilẹ̀ àti omi rẹ̀, kó o sì máa gbàdúrà.

Torí náà, aáyán tó o bá mú nínú ilé ìdáná, o ò mọ ohun tó ti fẹsẹ̀ tẹ̀. Sin tìẹ nínú ike mìíràn, fún un ní kárọ́ọ̀tì àti èérún búrẹ́dì. Ẹ̀fọn ńkọ́? Ta nẹ́ẹ̀tì. Tí onílé bá fẹ́ fín gbogbo ilé, gbé ike rẹ lọ sílé ọ̀rẹ́, má sì dá a padà títí òórùn yẹn yóò fi lọ pátápátá.

Ọ̀tá kejì ni èèrà. Ìyókù ìrẹ̀ tó kú sínú ike ló ń pè wọ́n, wọ́n á sì ṣe tàràǹtúlà léṣe kó tó rí ibi sá sí. Ti ìjàlọ tún burú jù. Tí wọ́n bá wọlé lóru nígbà òjò, kò sí ohun tó máa kù. Gbé ẹsẹ̀ tábìlì rẹ sínú agolo omi, kán ọṣẹ díẹ̀ sí omi náà. Má lo kẹrosíìnì, èéfín rẹ̀ náà kò dáa. Má sì jẹ́ kí tábìlì fara kan ògiri, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ asán ni agolo.

*

Wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ lọ sórí fífi ọwọ́ gbé e. Ẹnìkan fi fọ́tò tirẹ̀ hàn lórí èjìká, ó ní ó ti mọ òun, pé ó máa ń rọra tẹ́ ara sílẹ̀ tó bá gbóòórùn òun. Ọ̀gá mi, kò mọ̀ yín. Ó kàn ka apá yín sí ẹ̀ka igi tí kò tíì ṣe é níbi. Mi ò ní pàṣẹ fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n láti èjìká dé ilẹ̀ síméǹtì, mo ti sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ìdí rẹ̀.

Àbúrò, sọ fún ìyàwó rẹ pé òótọ́ ni pé ó ní oró, àti pé a kò rí àkọsílẹ̀ tó dájú pé oró tàràǹtúlà pa èèyàn rí. Irú tìẹ, tó bá géni jẹ, ó máa ń dà bíi ti oyin fún ọ̀pọ̀ èèyàn; ẹni tí ara rẹ̀ bá wú tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni o. Irun ìdí rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Tínú bá ń bí i, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọ̀n ọ́n dà sí atẹ́gùn, ó sì ń yún èèyàn gan-an. Tó bá wọ ojú, má fọwọ́ ra á. Fi omi púpọ̀ ṣàn án, kó o sì lọ bá dókítà ojú, torí irun náà lè gún wọ ẹyinjú. Ẹ fọ ọwọ́ nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá tún ike rẹ̀ ṣe.

Ẹni tó ní kí la wá ń gbé ti òkè òkun fún, tó ní irú rẹ̀ wà lórí ọ̀pẹ wa, kò purọ́. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ilé Stromatopelma calceatum àti Heteroscodra maculata, orí igi ni wọ́n ń gbé, àwọn tó ń gun ọ̀pẹ lè bá èkíní pàdé nídìí imọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má mú irú ìyẹn fi kọ́ṣẹ́. Àwọn ti Áfíríkà kò ní irun tí wọ́n ń gbọ̀n. Eyín ni wọ́n gbójú lé. Wọ́n yára débi pé ojú ò lè tẹ̀ lé wọn, oró wọn sì ń fa ìrora ńlá àti iṣan tó ń ká, tó lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lórí ọ̀pẹ.

Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má gbé ti òkè òkun jù sígbó. Tó bá sú yín, ẹ wá ẹni tó fẹ́ ẹ.

Ti ìyá onílé tó bá ní àjẹ́ lò ń sìn: gbé e síbi tí wọn ò ti ní rí i. Mi ò mọ ìdáhùn mìíràn sí ìyẹn.

*

Ìbéèrè kan wọlé láti Ìkòròdú: "Tèmi ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ń jẹun dáadáa tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tó ti bọ́ awọ gbẹ̀yìn, kò jẹun mọ́, ó ń rìn kiri ní gbogbo òru, kò wọ ihò rẹ̀ mọ́. Ẹ ní kò sí ohun tó ṣe é?"

Tiyín yàtọ̀. Ẹ wo ọwọ́ kékeré méjì tó wà níwájú ẹnu rẹ̀. Tí orí wọn bá wú roboto, tí ẹsẹ̀ iwájú sì ní ìkọ́ kékeré lábẹ́, akọ tó ti bàlágà ni. Awọ tó bọ́ yẹn sábà máa ń jẹ́ ìkẹyìn rẹ̀. Abo ló ń wá kiri, oúnjẹ ò jọ ọ́ lójú mọ́. Abo lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ tó bá ti bàlágà, oṣù mélòó kan ni, tàbí ọdún kan sí méjì. Kò sí oògùn fún un. Ẹ fún un lómi, ẹ máa dán oúnjẹ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kẹ́ ẹ bá ẹni tó ní abo sọ̀rọ̀.

*

Oníbéèrè wa ti padà: "Mo bu ilẹ̀ kún un. Ó gbẹ́ ihò sábẹ́ èèpo àgbọn, ó fi ilẹ̀ dí ẹnu rẹ̀. Mi ò rí i mọ́. Ṣé kí n wú u wò? Àti pé a fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ìbàdàn fún ọdún Kérésì, ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ?"

Má wú u. Ó ti gba ilé náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ awọ ló fẹ́ bọ́, o lè má rí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Kò sẹ́ni tí yóò fún un lóúnjẹ. Má fi ìrẹ̀ kankan sílẹ̀ nínú ike. Gbé ọmọrí omi tó tóbi sí i fún un, da omi sí igun ilẹ̀, kún agolo ẹsẹ̀ tábìlì dé ẹnu. Ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ rẹ tó ní kọ́kọ́rọ́, omi àti agolo nìkan ni kó máa wò, kó má sì fín nǹkan kan sínú yàrá náà. Kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn.

Tó o bá dé, tó o bá awọ òfo lẹ́nu ihò, má dà á nù. Fi ẹ̀mú gbé e, rẹ ẹ́ sínú omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ kó lè rọ̀, kó o rọra tẹ́ awọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, inú sókè. Ya fọ́tò ibi tó wà láàárín ihò ìmí méjì ti iwájú, kó o fi síbí. Tó bá jẹ́ abo, àpò kékeré kan á wà níbẹ̀ tí akọ ò ní.